Ọkọ Tí Mo Ní Lọ́jọ́ Àlàmísì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, owú ọkọ ni mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ tèmi ni mo torí rẹ̀ jowú o. Ọkọ olọ́kọ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó pòṣé sí mi.

Àsúmáù ni orúkọ mi. Peckham, ní London, ni mò ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi, Làtíìfù Àjíṣafẹ́, ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì lóru tó sì ń sùn lọ́sàn-án. Nusaybah, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ń lọ sí yunifásítì láti ilé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Làtíìfù. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń parí ìjà tọkọtaya ní mọ́ṣáláṣí wa ní Old Kent Road. Ilé wa ni àwọn tó ń jà máa ń wá, wọ́n á jókòó sórí àga wa, èmi á sì gbé omi fún wọn.

Àìsàn kan ló ń ṣe èmi: mo fẹ́ràn ọ̀fẹ́. Bí wọ́n bá lẹ sítíkà aláwọ̀ ìyeyè tó fi hàn pé owó ti wálẹ̀ mọ́ búrẹ́dì ní súpámákẹ́ẹ̀tì, mo ti débẹ̀. Mo ní káàdì pọ́ìǹtì ilé ìtajà tí n kò ra nǹkan níbẹ̀ rí. Làtíìfù a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. A ní, "Ìyá Nusaybah, tí wọ́n bá ń pín ibà lọ́fẹ̀ẹ́, wàá lọ tò sórí ìlà."

Ọ̀fẹ́ náà ló gbé mi dé kàsínò. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ń ti ilé arúgbó tí mò ń tọ́jú bọ̀ ní Bermondsey. Mo rí pátákó kan nítòsí Tower Bridge Road: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ yóò jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́, wọn yóò sì fún un ní owó díẹ̀ tó máa fi ta tẹ́tẹ́. Kàsínò kékeré kan ni, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí n sáà jẹ oúnjẹ wọn kí n máa bá tèmi lọ.

Mo bọ́ hìjáàbù mi lórí àtẹ̀gùn, mo ká a sínú báàgì, mo dé fìlà òtútù. Nígbà tí mo ti ń bọ́ hìjáàbù, mo ti mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀. Olúbáyọ̀ ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, New Cross ló ń gbé. Mo ti fẹ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ póókà kan tó ń tàn yanran lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn mi.

"Aunty, ẹ má jókòó síbẹ̀ o. Olè ni machine yẹn."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ẹ ka ojú ẹ̀."

Ló bá ṣàlàyé. Ẹ̀rọ yìí á já káàdì márùn-ún fún ọ. Wàá di èyí tó wù ọ́ mú, wàá da ìyókù nù, á sì fi òmíì rọ́pò wọn. Iye tó máa san fún ọ wà lára gíláàsì rẹ̀. Bí o bá rí mẹ́ta tó jọra àti méjì tó jọra, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà yóò san ìlọ́po mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ògbólógbòó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń san ìlọ́po mẹ́sàn-án. Káàdì kan náà, eré kan náà. Àwọn èèyàn kì í ka ojú ẹ̀rọ, ibi tó ń tàn ni wọ́n ń jókòó sí.

"Àwọn casino ńlá ní West End, rọ́ọ̀gì nìkan ni wọ́n ní, wọn ò láàánú," ó ní. "Àwọn kéékèèké yìí ló ń wá customer lójú méjèèjì. Lọ́jọ́ tí kò bá sí promotion, ẹ jókòó sílé yín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti rí ọkùnrin tó ń wo nǹkan bí mo ṣe ń wò ó. Mo sọ fún ara mi pé tẹ́tẹ́ kọ́ ni mò ń ta, ọ̀fẹ́ ni mò ń ṣà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́jọ́ Tàlátà, nígbà tí pọ́ìǹtì máa ń di ìlọ́po méjì. Bí pọ́ìǹtì bá pọ̀ tó, wọ́n á fún èèyàn ní fáúṣà súpámákẹ́ẹ̀tì. Mo fi fáúṣà ra adìyẹ ńlá kan, mo sè é.

"Ìyá Nusaybah, ibo lo tún ti rí èyí?" Làtíìfù bi mí.

"Offer ni."

"Allah á bù sí i," ó ní, ó sì ń lá ìka rẹ̀.

N kò lè jẹ tèmi tán lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tàlátà tún pé, mo lọ.

Kò pẹ́ ni wọ́n lẹ ìwé tuntun mọ́ ògiri. Ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Àlàmísì, tọkọtaya tó bá jọ wá yóò gba owó ọ̀fẹ́ tí wọ́n máa fi ta tẹ́tẹ́ ní ìlọ́po méjì, àwọn méjèèjì, pẹ̀lú tíì àti kéèkì. Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀ dúró níwájú ìwé yẹn bí ẹni tó rí ìwé àṣẹ ìgbélùú.

"Aunty Àsúmáù, n kò rí èyí tó dára tó báyìí rí o."

"Ẹ mú ìyàwó yín wá."

"Lọ́lá ń ṣiṣẹ́ Thursday, care home. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ mú ọkọ yín wá."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Kí n mú Làtíìfù wá sí kàsínò! A wo ara wa. Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀ nu ẹnu, ó gbé ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó mú mi lọ bá ọmọbìnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

"My wife," ó ní.

Ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó tẹ nǹkan, ó ní, "Lovely."

Bí mo ṣe di ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì nìyẹn.

Kò fọwọ́ kàn mí rí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n á ti gbé àga sílẹ̀ dè mí kí n tó dé. Á bu ṣúgà sí tíì mi láì bèèrè, á sì bá mi lẹ́nu mu. Bí mo bá di káàdì tí kò yẹ mú, á ní, "Ìyàwó mi, ju ìyẹn nù jàre." Ìyàwó mi! Làtíìfù kì í pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá Nusaybah ni mo ti ń jẹ́ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń sùn. Bí ó bá jí, ó ń wá bàtà tó máa wọ̀ lọ síbi shift.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lé tìróò lọ́jọ́ Àlàmísì. Nusaybah rí mi níwájú dígí.

"Mummy, ojú yín fine o. Who's it for?"

Mo ní kó lọ ka ìwé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá òyìnbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn bi Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀ pé ẹ̀rọ wo ló dára. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, àlàyé mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án tó ṣe fún èmi náà. Ẹ wo ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún! Síbẹ̀, mo jowú rẹ̀. Mo díbọ́n pé ikọ́ ń ṣe mí, mo wú u títí ó fi sáré gbé omi wá. Ó yẹ kí n ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé orí mi ti ń yí.

Ọjọ́ Àlàrùba kan ló pè mí lórí fóònù.

"Aunty, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lọ́la o. Machine wa ti bàjẹ́."

"Ó bàjẹ́? Ta ló sọ fún yín?"

"Wọ́n ní engineer ń bọ̀. Ẹ kàn sinmi."

Ó ń yára sọ̀rọ̀ jù. Gbogbo alẹ́ ni mo fi ń rò ó. Nígbà tí Làtíìfù sùn lọ́jọ́ kejì, mo lé tìróò mi, mo wọ bọ́ọ̀sì 78.

Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ wa. Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀ wà lórí àga tirẹ̀. Obìnrin kan tó pupa, tó rẹwà, tó sì kéré sí mi lọ́jọ́ orí, jókòó sórí àga tèmi. Ó ń rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀ sì ń bu ṣúgà sí tíì rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu ni mo ti mọ ẹni tí í ṣe. Lọ́lá ni. Ìyàwó ilé ló jókòó ti ọkọ rẹ̀, kí ló wá kàn mí níbẹ̀? Ẹ bá mi bi ara mi.

"Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀, ẹ kúuṣẹ́ o. Engineer dà?"

Ó fò dìde, tíì dà sí i lára. "Ha, Aunty! Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Em, Lọ́lá, this is one of the regulars."

Ọ̀kan lára àwọn oníbàárà! Èmi tó ń pè ní ìyàwó mi!

Lọ́lá kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàsán, ma. Wọ́n fún mi ní day off ni, ló bá ní kí n wá bá òun jẹ cake."

Ó kí mi tayọ̀tayọ̀, kò ní ohunkóhun sí mi nínú. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Kò fi ojú orogún wò mí, kò tilẹ̀ rí mi bí ẹni tí èèyàn lè jowú sí.

Mo yíjú, mo lọ bá máníjà wọn, òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan.

"That man is cheating your offer," mo ní. "That woman is not his wife."

"And how would you know, madam?"

"I am the wife. Check your computer."

Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bá a bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi dé ìdí ẹ̀rọ, ó sì bi Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀ pé nínú àwa méjèèjì, èwo ni ìyàwó rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nu tíì tó dà sí i lára. Lọ́lá rò pé àwàdà ni.

"Èmi ni now," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Irọ́! Èmi ni!" Mo pariwo rẹ̀ débi pé gbogbo ilé yíjú. "Èmi ni ìyàwó ẹ̀! Bi í léèrè bóyá kì í pè mí bẹ́ẹ̀!"

Ẹ̀rín kúrò lójú Lọ́lá. Bí òyìnbó bá ni, á ní orí mi ti dàrú, á sì máa mu tíì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mùsùlùmí ni Lọ́lá, ọmọ ilé wa ni. Ó mọ̀ pé ọkùnrin lè jókòó ní pálọ̀ ẹnì kan lọ́sàn-án gangan kí wọ́n so yìgì fún un, kí ti ilé má gbọ́. Ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ láti orí dé ẹsẹ̀.

"Báyọ̀," ó ní, "ìgbà wo lẹ so yìgì?"

Máníjà kò mọ ohun tó ń jẹ́ yìgì. Ó gba káàdì ìforúkọsílẹ̀ wa, ó ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa lọ, kí a má sì padà wá mọ́. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń gbọ́ ẹkún Lọ́lá lórí àtẹ̀gùn. Òótọ́ ni mo wá sọ níbí, nítorí náà ẹ gbọ́ ọ: inú mi dùn. Ó dùn títí mo fi dé Peckham.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Làtíìfù wọlé bá mi ní kíṣìnnì.

"Ìyá Nusaybah, àlejò ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun Aláàsárì. Obìnrin kan láti New Cross. Ó ní ọkọ òun lọ fẹ́ ìyàwó síta láì sọ fún òun. Alhaji Ọláoyè náà ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni, mo fẹ́ kí ìwọ náà jókòó tì wá."

Àwo tí mò ń fọ̀ yọ̀ lọ́wọ́ mi. "Orí ń fọ́ mi."

"Lo paracetamol, jọ̀ọ́. Obìnrin tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí nílò ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

Mo wọ hìjáàbù mi tó tóbi jù lọ, èyí tó bò mí dé orúnkún. Mo fọ ojú mi bí ẹni ń họ ìkòkò tó jóná. Nígbà tí Lọ́lá wọlé, mo gbé omi àti dàbínù síwájú rẹ̀, n kò gbójú sókè, n kò sì sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun, ma," ó ní.

Kò dá mi mọ̀. Obìnrin onítìróò tó dé fìlà òtútù ló wà lọ́kàn rẹ̀. Mo jókòó sí ìkangun àga, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí mo ṣẹ̀.

"Kí ni ọkọ yín wí sí i?" Làtíìfù bi í.

"Ó ń búra, sir. Ó ní òun ò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní promotion ni, pé àwọn kàn ń ṣe bíi tọkọtaya nítorí free play."

"Nítorí kí ni?" Alhaji Ọláoyè, àgbà ìgbìmọ̀, fi ọwọ́ kan etí rẹ̀.

"Casino ni, sir. Èmi náà ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn pariwo ní gbangba pé òun ni ìyàwó. Obìnrin wo ló máa pa irú irọ́ yẹn mọ́ ara ẹ̀? Mo ní kó dárúkọ ẹ̀ fún mi, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìyá ilé èèyàn ni, òun ò ní tú u láṣìírí."

Ẹ gbọ́ mi o. Ọkùnrin yẹn ń bò mí lábẹ́ àbùkù, lẹ́yìn ohun tí mo fojú rẹ̀ rí. Ká ní mo dákẹ́, ká ní mo kàn dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀.

"Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ," ni Làtíìfù wí. "Ṣé ẹ rò pé ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ obìnrin yẹn?"

Lọ́lá nu ojú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó ti ń gba ọkọ rẹ̀ gbọ́ láìfẹ́.

"Ó ní kí lòun fẹ́ fi ìyá yẹn ṣe. Ó ní obìnrin tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, any woman, òun ì bá pè é ní wife. Mo ní, tíì tí ìwọ fúnra ẹ ní ò ń po fún un ńkọ́? Ó ní bí òun ṣe ń po tèmi lòun ń po tiẹ̀, torí òun ò mọ ọ̀nà mìíì tí wọ́n ń gbà po tíì obìnrin."

Nǹkan kan já nínú mi. Ẹ̀rù kọ́, ìtìjú kọ́. Owú ni. Mo ti dìde kí n tó mọ̀.

"Irọ́ ló ń pa fún ọ!" mo ní. "Irọ́ gbáà! Èmi ló ń gbé àga sílẹ̀ dè! Èmi ló máa ń—"

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Lọ́lá fọwọ́ bo ẹnu. "Ohùn yẹn," ó ní. "Yéè! Ohùn yẹn nìyẹn. Sir, òun nìyí."

Alhaji Ọláoyè ń wí pé "Subuhánálláhì, subuhánálláhì," kò lè dákẹ́. Làtíìfù kò wo ẹnì kankan bí kò ṣe èmi.

"Àsúmáù. Ìwọ ni?"

Mo mi orí pé èmi ni.

"Ṣé ọkùnrin náà so yìgì pẹ̀lú ẹ?"

"Rárá. Wàláì, rárá."

"Ṣé ó fọwọ́ kàn ọ́?"

"Kò fọwọ́ kàn mí rí."

Ó mí kanlẹ̀. Ó wá yíjú sí Lọ́lá, ó sì parí ẹjọ́ tó wà níwájú rẹ̀, nítorí irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. "Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ yín kò fẹ́ ìyàwó kankan. Ẹ padà sílé lọ bá a. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ìdílé mi ló dá ìjà sílẹ̀ ní ìdílé yín."

Lọ́lá kúnlẹ̀ kí i. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò bú mi, kò wò mí. Ó ń lọ bá ọkùnrin tó máa bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, mo sì tún ń jowú rẹ̀ níbi tí mo dúró sí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wólẹ̀. "Bàbá Nusaybah, ẹ dárí jì mí. Tẹ́tẹ́ yẹn, n kò ní dé ìdí ẹ̀ mọ́ láéláé."

"Tẹ́tẹ́, a lè jọ tọrọ àforíjì ẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó ní. "Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bèèrè ìyàwó ọkùnrin yẹn, ta ló fipá mú ọ dáhùn? O pariwo ẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, wọn ò tíì mọ̀ ọ́. O tún dìde nínú ilé mi, níwájú mi, torí wọ́n ní ọkùnrin yẹn ò fẹ́ ọ."

Òótọ́ tó wà níbẹ̀ kò ṣeé sọ fún ọkọ ẹni.

Kò lé mi. Kò lù mí, kò sì sọ fún Nusaybah. Ó kàn fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀, ó sì kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí pálọ̀. Ìmáàmù ti bá wa dá sí i, Làtíìfù sọ fún un pé a kò jà. Bẹ́ẹ̀ ni, a kò jà. Ó ń san owó iná, ó ń ra ìrẹsì. Ṣùgbọ́n bí àwa méjì nìkan bá wà ní yàrá kan, á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, bí olùfọkànsìn ṣe ń ṣe tó bá wà pẹ̀lú obìnrin tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó máa ń kan ilẹ̀kùn kíṣìnnì wa kó tó wọlé.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ká ní mo ti sọ fún un nígbà náà pé ó ń wù mí kó máa pè mí ní ìyàwó rẹ̀, mo rò pé ì bá pè mí. Kì bá tí ná mi ní nǹkan kan. N kò sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fọ irun mi, mo wà ní kíṣìnnì láì borí, mò ń dúró de ìrẹsì kó jinná. Làtíìfù rò pé mo ti lọ síbi iṣẹ́, ó ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó rí mi. Ọkùnrin tó bá mi di irun yìí fúnra rẹ̀ nígbà tí mo lóyún Nusaybah tí ọwọ́ mi wú! Ó sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀ kíá, ó yí padà, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

"Ẹ má bínú," ó ní láti ìta. "N kò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀."

Ó dúró síbẹ̀, kò lọ, kò wọlé. Ó ń dúró kí n borí.